Búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi: ṣé Mustang onike mi lè dà bí irin?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to ọkọ̀ òfúrufú P-51D Mustang onike kan, ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 72 gùn jù ú lọ. Mi ò ní ẹ̀rọ ìfọ́nọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ní. Mo fi ọ̀dà àkírílíìkì aláwọ̀ fàdákà kun ìyẹ́ rẹ̀, ilà búrọ́ọ̀ṣì sì kún gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi ìpele kejì bò ó, ṣe ni búrọ́ọ̀ṣì ń ká ti ìṣáájú kúrò títí ike fi ń yọjú. Ṣé èèyàn lè fi ọwọ́ kun irú ọkọ̀ yìí kó sì rí bí irin lóòótọ́? Tó bá ṣeé ṣe, ṣé kí n fi fáníìṣì bò ó bí mo bá parí?"

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tí ẹ yàn yìí wà lára àwọn tó bá búrọ́ọ̀ṣì mu jù lọ, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé ibẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Inú ọ̀dà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyẹ́ yẹn ti wá, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò náà kí ẹ tó tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.

Ọ̀dà pupa, ọ̀dà búlúù, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú wọn. Bó ti wù kí lẹ́búlẹ́bú náà sùn, àwọ̀ kan náà lojú máa rí. Ọ̀dà onírin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹ́ alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, tó kéré débi pé ojú lásán kì í fẹ́ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, ló wà nínú rẹ̀, nínú oje kan tó mọ́ gaara. Ìpẹ́ tó bá sùn gbalaja á dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín, á dán. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ dúró á dá ìmọ́lẹ̀ sí ibòmíràn, ẹ ó sì rí i bí ibi tó ṣókùnkùn. Nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, àwọn ìpẹ́ yìí ń léfòó, wọ́n ń bá irun búrọ́ọ̀ṣì lọ, tí búrọ́ọ̀ṣì bá sì ti kúrò, wọ́n á rọra sùn bí oje ṣe ń gbẹ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, tí búrọ́ọ̀ṣì tún padà gba ibẹ̀ kọjá, irun rẹ̀ á gbé wọn dìde, oje tó kù kò sì ní pọ̀ tó láti jẹ́ kí wọ́n tún sùn. Bí wọ́n ṣe dúró yẹn ni wọ́n máa gan sí. Ilà tí ẹ ń rí lára ìyẹ́ yẹn nìyẹn. Ọ̀dà pọ̀ tó níbẹ̀. Àwọn ìpẹ́ inú rẹ̀ ló kọjú síbi tí kò yẹ.

Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo máa sọ dá lé: ẹ fi ọ̀dà lélẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀dà lásán kùn dáadáa ti mọ́ ara lára láti máa padà lọ tún ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe. Àṣà yẹn gan-an ló ń ba ọ̀dà onírin jẹ́.

Ti ìpele kejì tó ń ká ìkíní kúrò, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Oríṣi ọ̀dà méjì ni wọ́n ń pè ní àkírílíìkì, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé omi ló ń pò ó, tó bá sì ti gbẹ tán, omi kò lè yọ́ ọ mọ́. Ti Vallejo wà nínú irú èyí. Oríṣi kejì ní ọtí nínú, bíi ti Tamiya, ọtí tó wà nínú ìpele kejì á sì tún yọ́ ìpele kìíní. Tí ẹ bá fọ́n irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, wàhálà kò sí, torí pé kò sí irun kankan tó máa kan ilẹ̀. Ó dára gan-an fún ìyẹn. Lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ìpele kìíní á rọ̀, irun á sì wọ́ ọ lọ. Ó jọ pé irú èyí lẹ lò. Àwọn kan máa ń fi oògùn tó ń mú kí ọ̀dà pẹ́ gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní retarder, pò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn nǹkan kéékèèké. Fún odindi ìyẹ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ọlọ́tí yìí.

Nítorí náà, ẹ fọ èyí tó wà lára ìyẹ́ náà kúrò. Ẹ má fi ọ̀dà míì bò ó nírètí pé yóò bo àléébù mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀dà onírin kì í bo nǹkan kan, ńṣe ló ń fi í hàn. Ẹ rẹ òwú sínú ọtí isopropyl, kí ẹ fi nù ún díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà àkírílíìkì máa ṣí. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní abẹ́ ìyẹ́, níbi tó fara pamọ́. Ẹ jìnnà sí acetone àti tínà líle tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, torí polystyrene ni ike yìí, àwọn méjèèjì á sì yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí iná má sì sí nítòsí.

Tí ike bá ti mọ́, iṣẹ́ tó máa pinnu bí irin yín ṣe máa rí ti bẹ̀rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kò sì tíì dé ibẹ̀. Ilà tí sánpépà fà, ojú ibi tí ike méjì ti pàdé, gúlù tó kán sílẹ̀, ìtẹ̀ka tó gbẹ mọ́ gúlù: gbogbo wọn ló máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà tí kì í dán. Lábẹ́ ọ̀dà onírin, wọ́n á yọ sílẹ̀ kedere. Ẹ fi pọ́tì dí ojú ìpàdé ike, kí ẹ fi sánpépà olómi ha á, láti nọ́ńbà 400 sí 600, lẹ́yìn náà 1000, kí ẹ fi 2000 parí rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni láti pa ilà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fà rẹ́, nítorí náà tí ẹ bá fo ọ̀kan, ilà yẹn á wà níbẹ̀ di ìparí. Omi ni kí ẹ máa fi ha á, eruku ike kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ ìfọwọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ odindi ọkọ̀ náà. Òróró tí wọ́n ń fi sínú mọ́ọ̀dù nílé iṣẹ́ kí ike lè bọ́ máa ń kù sára rẹ̀ nígbà míì, òróró ọwọ́ yín náà sì wà níbẹ̀, ọ̀dà kì í sì í di òróró mú. Látìgbà tó bá ti gbẹ, ẹ má fi ìka kàn án mọ́. Ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tó wà ní imú rẹ̀ níbi tí abẹ̀bẹ̀ máa wà, igi yẹn ni kí ẹ máa fi dì í mú títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò pọn dandan.

Ìparí 1943 wọ 1944 ni àwọn ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú fífi ọ̀dà ìfarapamọ́ kun àwọn ọkọ̀ bíi Mustang láti ilé iṣẹ́. Ara ọkọ̀ wá di páànù alumíníọ̀mù lásán. Ṣùgbọ́n ti ìyẹ́ Mustang yàtọ̀. Wọ́n ṣe é kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ̀ kọjá lójú rẹ̀ láìdàrú, orí ìṣó àti ojú ìpàdé páànù sì lè ba ìyẹn jẹ́. Nílé iṣẹ́, wọ́n fi pọ́tì dí wọn ní apá iwájú ìyẹ́, wọ́n ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ alumíníọ̀mù fọ́n ìyẹ́ náà. Aṣọ ni wọ́n fi bo pátákó ìrù tó ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, òun náà gba ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ìyẹ́ tó ń dà yín láàmú yẹn kì í ṣe irin lásán lára ọkọ̀ gidi. Ọ̀dà fàdákà ni, tí kò dán tó ara ọkọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì rí bákan náà káàkiri. Ọ̀dà ni ẹ fẹ́ fi ṣe àfarawé ọ̀dà! Ara ọkọ̀ nìkan, àti àwọn flap, ìyẹn pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń ṣí sísàlẹ̀, ló yẹ kó dà bí páànù tí kò ní ọ̀dà lára. Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀lì Mustang tí mo ń rí ló dán yinrinyinrin láti imú dé ìrù, ìyẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kò dán tó ara rẹ̀ ló jọ ọkọ̀ tó fò rí.

Nítorí náà, ìpìlẹ̀ méjì ni kí ẹ fi lélẹ̀. Lábẹ́ ara ọkọ̀, ọ̀dà dúdú tó ń dán. Lábẹ́ ìyẹ́ àti pátákó ìrù, ọ̀dà eérú tí kò dán púpọ̀. Ìpẹ́ inú ọ̀dà onírin kì í bo ilẹ̀ tán. Àlàfo wà láàárín wọn, ohun tó wà lábẹ́ sì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Dúdú tó jọ̀lọ̀ á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yàtọ̀ síra gan-an, ojú á sì gbà pé irin jíjìn ló ń wò. Eérú á mú kó rẹlẹ̀, kó funfun díẹ̀, bí ọ̀dà fàdákà ṣe máa ń rí. Tí ẹ bá ní agolo ìfọ́n, ẹ lè fi ṣe ìpìlẹ̀ yìí, kò ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́. Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ni, ẹ ṣe é ní ìpele tó fẹ́lẹ́, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín, kí ẹ sì fi sánpépà 2000 olómi ra ojú dúdú náà títí ọ̀gangan kankan kò fi ní wú mọ́. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tábìlì, kí ẹ máa yí i. Tí etí gílóòbù iná náà bá hàn lára dúdú yẹn láìwọ́, ilẹ̀ yín ti dáa.

Ọ̀dà wo? Fún ẹni tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ràn Vallejo Metal Color jù. Àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ìpẹ́ inú rẹ̀ kúnná púpọ̀, ó sì ń sùn dáadáa lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Kíkúnná yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìpẹ́ kan fẹ̀ tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ní ìwọ̀n 1/72, ó ti dà bí nǹkan tó fẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ lára ọkọ̀ gidi. Kò sí páànù ọkọ̀ òfúrufú tó ní yanrìn dídán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lára. Àwọn ọ̀dà fàdákà tí ìpẹ́ wọn le, irú èyí tí wọ́n ń fi kun ohun ọ̀ṣọ́, á jẹ́ kí Mustang yín, tí ìyẹ́ rẹ̀ kò ju mìlímítà 157 lọ láti etí kan dé ìkejì, dà bí ohun ìṣeré ọmọdé, bó ti wù kí ọwọ́ yín mọ́ tó.

Tó bá jẹ́ ẹnámẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀dà olóróró, lẹ fẹ́, Humbrol ní oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Metalcote. Nọ́ńbà 27002, Polished Aluminium, dára púpọ̀ fún ara ọkọ̀. Ẹ ó kùn ún, kò ní dán, ó lè já yín kulẹ̀ tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ mú aṣọ òwú tó rọ̀, kí ẹ máa fi ra á jẹ́jẹ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe ń ra á ni á máa dán sí i, nítorí náà ẹ lè pinnu bí abala kọ̀ọ̀kan ṣe máa dán tó. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un ni pé ojú rẹ̀ kò le, ìka lè pa á lára. Àwọn kan á tún dárúkọ Alclad II fún yín. Ọ̀dà tó dára ni, àmọ́ ẹ̀rọ ìfọ́nọ̀dà nìkan ló wà fún, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì dán an wò.

Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tí irun rẹ̀ rọ̀, tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 10. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré á fà yín sínú ọ̀pọ̀ ilà. Kí èyí tí ẹ máa fi kun irin má ṣe iṣẹ́ míì mọ́, kí ife omi tàbí tínà rẹ̀ sì dá wà, torí ìpẹ́ kì í tán nínú irun, á sì yọ lára ọ̀dà dúdú tàbí pupa tí ẹ bá tún fi kùn lọ́la. Ẹ ro ọ̀dà náà láti ìsàlẹ̀ wá, ìpẹ́ alumíníọ̀mù wúwo ju oje rẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. Kódà nínú àwo tí ẹ ta á sí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti ń sùn. Ẹ máa rò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà àkọ́kọ́ á jẹ́ oje lásán, ìlà ìkẹyìn á jẹ́ kìkì ìpẹ́. Ti omi, ẹ ṣọ́ra. Metal Color ti ṣàn tó fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi omi púpọ̀ sí i, ìpẹ́ á sá lọ sí etí, á fi òrùka sílẹ̀ láàárín. Ẹ̀kán retarder kan nínú ẹ̀kán ọ̀dà mẹ́wàá tó.

Ó kan ọwọ́ báyìí. Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ yín, kó fẹ̀gbẹ́ tan, kí ẹ lè máa rí ibi tó tutù àti ibi tó ti ń gbẹ. Ẹ ti irun bọ ọ̀dà dé ìdajì, kí ẹ fi ojú rẹ̀ méjèèjì nu etí àwo, kó rin ṣùgbọ́n kó má kán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí iwájú ìyẹ́, kí ẹ fà á lọ sí etí ẹ̀yìn, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìbú ìyẹ́ kò tó nǹkan ní ìwọ̀n yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni búrọ́ọ̀ṣì á fi dé òdì kejì kí ọ̀dà inú rẹ̀ tó tán. Ẹ gbé e kúrò nígbà tó ṣì ń rìn, ẹ má dúró lórí etí kí ẹ tó gbé e, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá dúró sí ni ọ̀dà máa ń jọ sí. Ìlà kejì, ẹ jẹ́ kó gorí ìkíní díẹ̀, nígbà tí etí ìkíní ṣì tutù. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti ìdí ìyẹ́ dé orí rẹ̀, láìdúró, láìwẹ̀yìn.

Láàárín ìlà kẹta sí ìkẹrin, ẹ máa rí ibì kan tó rí jákujàku, tí ìpìlẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Ọwọ́ á máa yún yín láti padà síbẹ̀. Ẹ wo ojú ọ̀dà náà dáadáa lábẹ́ iná: nígbà tó tutù, ó ń dán bí omi, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, dídán yẹn á wọlé, á di ti irin, láti etí wá sí àárín. Ibi tí ó bá ti wọlé, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìpele tó ń bọ̀ ló máa tún un ṣe. Ìpele kìíní kì í dára, kò sì yẹ kó dára. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́lẹ́ ló máa gbé e dé ibi tó yẹ. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán sílẹ̀ láàárín ìpele kan sí ìkejì tó bá jẹ́ olómi, wákàtí 24 ó kéré tán tó bá jẹ́ ẹnámẹ́ẹ̀lì. Ẹnámẹ́ẹ̀lì máa ń gbẹ lójú kó tó gbẹ nínú, tí tínà ìpele kejì bá sì bá inú tútù yẹn, ẹ ó tún rí irú wàhálà tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀.

Lórí ìyẹ́, ẹ lè jẹ́ kí ìpele kejì dábùú ìkíní, kí ilà má bàa jọ sójú kan, níwọ̀n ìgbà tí ìpele ìkẹyìn bá ti tún gba ọ̀nà afẹ́fẹ́. Lára ọkọ̀, mi ò kì í dábùú rárá. Abala kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa kùn níbẹ̀, láti ilà páànù kan dé ìkejì, kí ẹ sì dá búrọ́ọ̀ṣì dúró sórí ilà náà. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní ọkọ̀ yìí bá búrọ́ọ̀ṣì mu. Páànù páànù ni wọ́n fi to ara ọkọ̀ gidi, páànù kan kò sì rí bí ìkejì: bí wọ́n ṣe yí i nílé iṣẹ́ yàtọ̀, bí ó ṣe tẹ̀ yàtọ̀, bí oòrùn ṣe ń bà á yàtọ̀. Ẹni tó bá fọ́n ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan á rí i pé ó rí bákan náà jù, á sì wá máa lẹ tépù kiri láti fi ìyàtọ̀ sí i. Ti yín, bí ẹ ṣe ń kùn ún ní abala ni ìyàtọ̀ náà ń wọlé fúnra rẹ̀. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí irun búrọ́ọ̀ṣì bá fi sílẹ̀ lára abala kékeré, tó tọ́, tó gba ọ̀nà kan, ojú máa ń kà á sí ara páànù.

Tí ìyàtọ̀ náà kò bá hàn tó, Dark Aluminium tàbí Duraluminium, àwọ̀ Metal Color méjì míì, lè bo abala méjì mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, Mustang kì í ṣe pátákó ayò. Ọ̀nà míì wà tí mo nífẹ̀ẹ́ sí gan-an, kò sì gba ọ̀dà: ẹ ha imú pẹ́ńsù tó rọ̀, bíi 4B, lórí sánpépà títí ẹ ó fi rí lẹ́búlẹ́bú dúdú díẹ̀. Ẹ lẹ tépù yí abala kan ká, kí ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bu lẹ́búlẹ́bú náà, kí ẹ fi ra abala yẹn. Á ṣókùnkùn díẹ̀, á sì máa dán lọ́nà tirẹ̀, bí páànù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ti tépù náà, ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí ẹ̀mọ́ rẹ̀ lè dín kù, ọ̀dà onírin kì í di ilẹ̀ mú bíi ti ọ̀dà lásán. Ẹ ṣí i sẹ́yìn pẹlẹbẹ lórí ara rẹ̀, ẹ má fà á sókè.

Àwọn nǹkan kéékèèké kò gba àkókò. Páìpù èéfín, ẹ fi àwọ̀ irin tó ti jóná kùn ún, kó pọ́n rúsúrúsú. Ọ̀pá tó ń dán lára ẹsẹ̀ táyà ni ibi kan ṣoṣo tó yẹ kó dán bíi dígí, péènì Molotow Liquid Chrome sì ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má sì jẹ́ kí fáníìṣì kàn án, á pa dídán rẹ̀. Orí imú, níwájú gíláàsì awakọ̀, ọ̀dà ewé tó ṣókùnkùn tí kì í dán ló wà níbẹ̀ kí oòrùn má bàa ta sójú awakọ̀. Ẹ kun ìyẹn kẹ́yìn. Tí ibi tí kò dán rárá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, irin á túbọ̀ yọ.

Ó kù fáníìṣì tí ẹ béèrè. Èyí tí kì í dán ń pa irin, eérú ló ń sọ ọ́ dà, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ibì kankan lára ọkọ̀ àfi orí imú aláwọ̀ ewé yẹn. Èyí tó ń dán kì í pa irin tán, ṣùgbọ́n ó ń fi ìpele oje kan sáàárín ojú àti ìpẹ́, irin á sì padà dà bí ọ̀dà. Bí ìyẹ́ ṣe rí lóòótọ́ nìyẹn! Nítorí náà, ẹ fi fáníìṣì tó dán díẹ̀, tí kò dán jù, bo ìyẹ́ àti pátákó ìrù, ní ìlànà kan náà: láti iwájú lọ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan, láìpadà. Ara ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ láìbò.

Dẹ́káàlì, ìyẹn àwòrán àti àmì tí ẹ máa rẹ sómi kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀, kò ní kí ẹ bo ara ọkọ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Torí kí ilẹ̀ lè jọ̀lọ̀, kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń fi fáníìṣì sábẹ́ dẹ́káàlì, irin yín sì ti jọ̀lọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa dà yín láàmú ni etí rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, ó máa ń hàn lára irin ju ara ọ̀dà míì lọ. Ẹ fi abẹ gé e dé etí àwòrán kí ẹ tó rẹ ẹ́ sómi. Tí ẹ bá ń lo oògùn tó ń mú dẹ́káàlì rọ̀, ẹ dán an wò lára irin lábẹ́ ọkọ̀ ná, òmíràn máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ da àwọ̀ sínú ilà páànù, eérú tó ṣókùnkùn ni kí ẹ lò, dúdú ti le jù ní ìwọ̀n yìí. Èyí tó jẹ́ olóróró kò lè ṣe ọ̀dà olómi tó ti gbẹ fún ọjọ́ méjì ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n á jẹ ẹnámẹ́ẹ̀lì, pàápàá Metalcote tí ẹ kò fi nǹkan kan bò. Lórí ìyẹn, èyí tó jẹ́ olómi ni kí ẹ lò.

Bí igi bá ti kúrò nímú rẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ sì ti wọlé, ìyẹ́ tí ẹ fi fáníìṣì bò ni kí ẹ máa fi gbé ọkọ̀ náà.